Bí A Ṣe Ń Ka Ẹ̀yìn Agolo àti Páálí Kí A Tó Sanwó Oúnjẹ

Mo gbé agolo mílíìkì oníyẹ̀fun méjì sórí tábìlì ilé ìdáná mi n'Íbàdàn, mo sì fi fóònù ya ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí pé lẹ́tà tí wọ́n kọ síbẹ̀ kéré kọjá ohun tí ojú mi lè kà. Agolo méjèèjì ní àwòrán ife mílíìkì funfun níwájú, iye owó wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Nígbà tí mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù, mo rí i pé mílíìkì màlúù àti fítámì díẹ̀ péré ló wà nínú àkọ́kọ́. Ti èkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò ni wọ́n kọ síbẹ̀, òróró ọ̀pẹ ni wọ́n fi dí àlàfo ọ̀rá náà, lẹ́yìn náà ni èròjà tó ń mú omi àti òróró lẹ̀ mọ́ra, àti adùn tí wọ́n pò nílé-iṣẹ́. Èkejì yìí ni mo ti ń rà fún ìyá mi fún nǹkan bí ọdún méjì, tí mo sì ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa mu ún nítorí egungun wọn. Kò sí ẹni tó purọ́ fún mi. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn agolo, n kò kà á ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìtọ́sọ́nà yìí mú lọ sọ́jà kò ju ẹyọ kan lọ. Iwájú páálí ni ilé-iṣẹ́ ti ń polówó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òfin ti ní kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi iwájú ra oúnjẹ, ohun tí wọ́n fẹ́ kó rí ló ń rí, ẹni tó bá sì yí i padà kó tó jù ú sínú agbọ̀n, ó ti mọ ohun tó fẹ́ fi owó rẹ̀ rà.

Oúnjẹ wo gan-an là ń sọ?

Oúnjẹ tí mò ń pè ní àpòpọ̀ ilé-iṣẹ́ nínú àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ultra-processed food. Carlos Monteiro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì São Paulo, lórílẹ̀-èdè Brazil, ló gbé ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ yìí jáde ní ọdún 2009. Orúkọ rẹ̀ ni NOVA, ìjọba Brazil sì gbé ìmọ̀ràn oúnjẹ tí wọ́n tẹ̀ jáde fún àwọn aráàlú wọn ní ọdún 2014 lé e lórí. Ìpín mẹ́rin ló ní. Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ bó ṣe ti oko tàbí odò wá, tàbí èyí tí a kàn sá, tí a lọ̀, tí a bó tàbí tí a rẹ, bí iṣu, ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́, ẹja tútù àti ìrẹsì. Èkejì ni ohun tí a fi ń se oúnjẹ ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kì í bu jẹ lásán, bí epo pupa, òróró àti iyọ̀. Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ tí a fi iyọ̀, òróró tàbí ṣúgà sí kó lè pẹ́ nílẹ̀ tàbí kó lè dùn sí i, bí sadíìnì inú agolo, wàràǹkàṣì, àti búrẹ́dì tí kò ní ju ìyẹ̀fun, omi, ìwúkàrà àti iyọ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin ni àpòpọ̀ ilé-iṣẹ́: wọ́n fa sítáàṣì, ṣúgà, òróró àti purotéènì yọ lára oúnjẹ mìíràn, wọ́n tún wọn pò, wọ́n wá fi àwọ̀, òórùn àti adùn sí i, títí tí yóò fi jọ oúnjẹ tí ẹ̀dá mọ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ṣe sí oúnjẹ kọ́ ni ẹ̀sùn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, gàrí ni ìbá kọ́kọ́ jẹ̀bi, nítorí pé kò sí oúnjẹ tó la iṣẹ́ kọjá tó o. A bó ẹ̀gẹ́, a fọ̀ ọ́, a rin ín, a dì í sínú àpò, a gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro, a fi í sílẹ̀ kó kan, a jọ̀ ọ́, a sì yan án nínú agbada. Gbogbo wàhálà yẹn ló ń mú májèlé inú ẹ̀gẹ́ kúrò, tó sì ń sọ ohun tí a kò lè jẹ ní tútù di ohun tí a lè rẹ sómi mu. Bákan náà ni ẹ̀lùbọ́, ògì àti irú. Àwọn baba àti ìyá wa mọ bí a ṣe ń ṣe oúnjẹ lọ́jọ̀ kí ìjọba tó dá ilé-iṣẹ́ kankan sílẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń lò fún un kò ju omi, iná, oòrùn, iyọ̀ àti ọjọ́ lọ. Ẹni tó bá wá sọ fún wa pé kí a máa sá fún oúnjẹ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ sí lára, kò tíì mọ ilé ìdáná Yorùbá.

Ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi ara wa nìyí: ṣé mo lè rí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí yìí rà lọ́jà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì pò ó pọ̀ nílé? Ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kọ ẹ̀pà àti iyọ̀ sẹ́yìn ìgò rẹ̀ yege. Bisikíìtì tí wọ́n kọ oríṣi ṣúgà mẹ́ta, òróró tí wọ́n ti yí padà, àti adùn fàńílà tí kò ti ara èso fàńílà wá sí, kò yege.

Ní ti ìdí tí ó fi yẹ kí a bìkítà, ìwádìí kan wà tí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Institutes of Health, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, kó 20 ènìyàn sí ilé kan, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ àpòpọ̀ ilé-iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fún wọn ní oúnjẹ tí a sè láti ìpilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Wọ́n rí i dájú pé ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti agbára tó wà nínú oríṣi méjèèjì tí wọ́n gbé síwájú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n sì ní kí oníkálùkù jẹ ìwọ̀n tó bá wù ú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ àpòpọ̀, wọ́n ń jẹ nǹkan bí 500 kálórì lé ti èkejì lójoojúmọ́, wọ́n sì fi nǹkan bí kílò kan sanra. Ebi kò pa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń yára jẹ ẹ́ ju èkejì lọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́nà ọ̀fun kí ikùn tó ní àyè sọ pé ó tó.

Ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ

Àwọn tó ń kọ̀wé láti òkè òkun máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri súpámákẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó èso, ẹran àti ẹ̀fọ́ sí, kí a má sì wọ àárín gbùngbùn rẹ̀ níbi tí páálí pọ̀ sí. Ìmọ̀ràn yẹn wúlò fún àwọn ará wa tó wà ní London tàbí Houston. Níbí, ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì wa ló jẹ́ pé páálí àti ike ló kún ògiri àti àárín rẹ̀ bákan náà. Fún wa, ọjà ni ògiri, súpámákẹ́ẹ̀tì ni àárín. Nítorí náà, ọjà ni kí a fi owó ọ̀sẹ̀ náà kọ́kọ́ ná, kí ó jẹ́ pé èyí tó bá ṣẹ́ kù ni a óò gbé lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì yóò rí i pé owó ẹ̀fọ́ ti di owó bisikíìtì kó tó dé ilé.

Kí a tó jáde, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ oúnjẹ tí a óò jẹ sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ ohun tí a óò rà nìkan. Bí mo bá kọ "ẹ̀wà ní ọjọ́ Ajé, àmàlà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun," èyí tí mo máa rà yóò hàn lára ohun tí mo máa sè. Ẹ fi àmì sí ọjọ́ tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa pẹ́ délé, nítorí pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ inú láílọ́ọ̀nù máa ń wọlé. Fún ọjọ́ yẹn, ẹ ti se ọbẹ̀ ata sínú fíríìsà láti òpin ọ̀sẹ̀, tàbí kí ẹ ra ohun tí kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, bí ẹyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ má sì fi ebi lọ sọ́jà.

Bí ẹ bá dé ọjà, irú ni mo fẹ́ kí ẹ wá kàn kí ẹ tó ra mágì. Lọ́jà Bódìjà, ìyá tí mò ń rà á lọ́wọ́ wọn máa ń gbé abọ́ méjì síwájú. Irú wooro wà nínú ọ̀kan, hóró rẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúdú díẹ̀, ó sì ń dán. Irú pẹ̀tẹ̀ wà nínú èkejì, òun rọ̀, a sì lè fi ìka tẹ̀ ẹ́. Wọn yóò fi ṣíbí bu díẹ̀ sórí ewé fún mi kí n gbóòórùn rẹ̀. Òórùn irú tó dára le, ṣùgbọ́n kì í ṣe òórùn ìdíbàjẹ́, kò sì gbọdọ̀ ní iyanrìn lábẹ́ ìka. Bí ó bá délé, mo máa ń ṣan án lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo sì máa ń kó o sínú ike kékeré sínú fíríìsà. Èyí tí n kò bá fẹ́ kó sí fíríìsà, mo máa ń sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ ráúráú.

Irú gbígbẹ yìí ni mo fi ń ṣe ohun tó gba ipò mágì nílé wa. Mo máa ń lọ edé gbígbẹ ife méjì, ẹja gbígbẹ tí mo ti yọ egungun rẹ̀ ife kan, irú gbígbẹ ìdajì ife, àti ata gbígbẹ ìwọ̀nba pọ̀ mọ́ra nínú ẹ̀rọ ìlọta gbígbẹ, mo sì máa ń dà á sínú ìgò tó gbẹ. Ṣíbí ìmùkọ kan tó ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò tí ènìyàn mẹ́fà yóò jẹ. Iyọ̀ ni mo máa ń fi lọ́tọ̀, kí n lè mọ ìwọ̀n tí mo fi sí i. Ẹ má rò pé ọjọ́ kan ni ahọ́n àwọn ará ilé yóò gbà á. Ní ilé tiwa, mo kọ́kọ́ dín hóró mágì mẹ́rin kù sí méjì, ó di ọ̀kan lẹ́yìn oṣù kan, kí ó tó wá tán.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun gbogbo tó bá wá láti ọjà ló mọ́. NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nípa epo pupa tí wọ́n fi àwọ̀ aṣọ sí, èso tí wọ́n fi kábáàdì mú pọ́n, àti ẹ̀wà tí wọ́n fi oògùn kòkòrò pa mọ́. Ẹ mú oníbàárà kan tí ẹ mọ̀, kí ẹ máa ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ títí. Ẹ ṣọ́ra fún epo tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tí kò sì dì díẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tútù. Bí òórùn oògùn bá ń jáde lára ẹ̀wà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Bí a ṣe ń ka ẹ̀yìn páálí

Nọ́ńbà NAFDAC ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wò, ó sì dára kí a wò ó pẹ̀lú ọjọ́ tí oúnjẹ náà yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó yẹ ní jíjẹ lójoojúmọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ibi tí wọ́n kọ "Ingredients" sí, tí í ṣe àwọn èròjà. Òfin ní kí wọ́n tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù lọ dé orí èyí tó kéré jù lọ. Nítorí náà, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń rà ní tòótọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mágì, iyọ̀ ni ẹ óò rí lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ohun mímu oní-kòkó tí à ń pò fún àwọn ọmọ ní òwúrọ̀, ṣúgà máa ń ṣíwájú kòkó.

Ṣúgà ní orúkọ púpọ̀, ilé-iṣẹ́ sì lè fọ́n ọn káàkiri kó má baà wà lókè pátápátá. Bí ẹ bá rí glucose syrup, dextrose, maltodextrin, fructose, invert sugar tàbí corn syrup, ọ̀kan náà ni kí ẹ kà wọ́n sí, kí ẹ sì rò wọ́n pọ̀ nínú ọkàn yín. Lẹ́yìn ṣúgà, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé, ibikíbi tí ẹ bá ti rí wọn, àpòpọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ẹ mú lọ́wọ́: emulsifier, tó ń mú omi àti òróró lẹ̀ mọ́ra; flavour àti flavour enhancer, tó ń fi òórùn àti adùn sí i; colour, tí í ṣe àwọ̀; sweetener, tó ń dùn dípò ṣúgà; modified starch, tó ń mú un ki; àti hydrogenated, tó jẹ́ òróró tí wọ́n yí padà kó lè dì. Ti òróró yìí léwu fún ọkàn tó bẹ́ẹ̀ tí ìlànà tí NAFDAC gbé jáde ní ọdún 2022 fi sọ pé ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní trans fat, tí irú òróró bẹ́ẹ̀ lè ní, kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tó wà nínú oúnjẹ.

Nígbà mìíràn, nọ́ńbà ni wọ́n máa fi rọ́pò orúkọ. E102 ni àwọ̀ yẹ́lò tartrazine, E621 ni adùn inú mágì, E951 ni aspartame. Ẹ má ṣe jẹ́ kí lẹ́tà E yìí dẹ́rù bà yín nítorí ara rẹ̀ nìkan, nítorí pé fítámì C náà ní tirẹ̀, òun ni E300. Bákan náà, kí á má fi gígùn ìlà nìkan dájọ́. Ní Nàìjíríà, òfin ló ní kí wọ́n fi ayodíìnì sínú iyọ̀, kí wọ́n sì fi fítámì A sínú ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró, nítorí náà ìlà lè gùn lẹ́yìn ìyẹ̀fun lásán láìṣe pé nǹkan kan ṣe é.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo tábìlì iye èròjà, kí ẹ sì mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tí wọ́n kọ fún 100g àti èyí tí wọ́n kọ fún "serving", tí í ṣe bíbù kan. Ilé-iṣẹ́ ló ń yan bí bíbù kan ṣe tóbi tó, ó sì lè jẹ́ bisikíìtì méjì nínú páálí tí ọmọ yóò jẹ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà gíráàmù 10 ló wà nínú 100ml, ìgò 50cl ní gíráàmù 50. Hóró ṣúgà kan tó gíráàmù 4, èyí já sí pé ó lé ní hóró méjìlá nínú ìgò kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ju ìdá mẹ́wàá agbára tí ara ń lò lóòjọ́ lọ, tó já sí nǹkan bí gíráàmù 50 fún àgbàlagbà, wọ́n sì ní yóò dára jù bí a bá dín in kù sí ìdajì ìyẹn. Ìgò kan ṣoṣo ti gbé ẹ dé òpin. Ní ti iyọ̀, sodium ni wọ́n máa ń kọ. Ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ lè mọ iye iyọ̀ tó jẹ́, kí ẹ sì rántí pé gíráàmù 5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́.

Ẹ̀yìn náà ni ẹ óò fi dá iwájú lẹ́jọ́. "No cholesterol" tí wọ́n kọ sára ìgò òróró kò sọ ohun tuntun kankan, nítorí pé kò sí òróró ewéko tó ní i tẹ́lẹ̀. Páálí tí wọ́n ya ọsàn mẹ́rin sí lè jẹ́ "drink" tí ọsàn inú rẹ̀ kò tó nǹkan, bí wọ́n bá sì kọ "nectar", èso tí wọ́n fi omi àti ṣúgà lù ni. Ohun tó bá jẹ́ omi èso nìkan ni wọ́n ń kọ "100%" sí. Síbẹ̀, odidi ọsàn ṣì dára jù ú lọ, owó rẹ̀ sì kéré.

Àwọn ohun tí a máa ń rà jù

Fún mílíìkì, ọ̀rọ̀ tí ẹ óò wá ni "filled" tàbí "fat filled". Bí ó bá wà níbẹ̀, òróró ewéko ló wà nínú rẹ̀ dípò ọ̀rá mílíìkì. Mílíìkì tó pé máa ń jẹ́ "full cream" tàbí "whole milk", mílíìkì nìkan ló sì yẹ kó ṣíwájú nínú ìlà. Yọ́gọ́ọ̀tì gidi kò gbọdọ̀ ju mílíìkì àti kòkòrò tó ń mú un kan lọ. Èyí tó bá jẹ́ àwọ̀ pupa pẹ̀lú adùn sitirọ́bẹ́rì, ṣúgà àti sítáàṣì ni ẹ ń mu.

Kọ́sítáàdì ni ohun tó máa ń dùn mí jù lọ. Sítáàṣì àgbàdo ni, wọ́n fi àwọ̀ yẹ́lò, adùn àti iyọ̀ sí i, à ń sanwó tó wọ́n fún un, a sì ń fún ọmọ ní òwúrọ̀, nígbà tí ìyá ológì ń kọjá lójú ọ̀nà. Ògì funfun, ògì pupa tàbí ògì bàbà, pẹ̀lú mílíìkì tó pé, ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ẹyin sísè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dára jù ú lọ fíìfíì. Fún ọmọ ìkókó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ọmú ìyá nìkan ni àwọn onímọ̀ ìlera ń fẹ́ kó mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti kọ mílíìkì ọmọ fún ẹnikẹ́ni, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí ohun tó kà níbí.

Ní ti búrẹ́dì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é ohun tó fi sí i, bí ilé búrẹ́dì bá wà ládùúgbò. NAFDAC ti fòfin de potassium bromate, èròjà tí àwọn kan ń fi mú búrẹ́dì wú, bí ẹ bá sì rí búrẹ́dì tó fẹ̀ ju agbára lọ tó sì fúyẹ́ bí òwú, ẹ wá òmíràn. Ẹran inú agolo àti sọ́séèjì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kí ẹ ra ẹja tútù inú yìnyín. Dídì tí wọ́n mú un dì kò ṣe é ní nǹkan kan. Sadíìnì náà kò burú. Tòmátì inú sáṣẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bóyá tòmátì nìkan ni, tàbí sítáàṣì àti àwọ̀ wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ "mix" sí, ẹ kà á dáadáa.

Mo mọ̀ pé núdùsì, tí gbogbo wa ń pè ní indomí láìka ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sí, ni ọ̀rọ̀ yóò dà lé lórí nílé púpọ̀. Ó yá, ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, gáàsì tó ń jẹ kò tó nǹkan. N kò ní bá ìyá tó ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo mẹ́jọ alẹ́ jà lórí rẹ̀. Ohun tí mo lè bẹ̀ yín ni pé kí ó jẹ́ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ da ìdajì sáṣẹ́ẹ̀tì adùn rẹ̀ nù, kí ẹ sì fi ẹyin àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí ẹ ti rẹ́ sí i. Fún oúnjẹ ilé-ìwé, ànàmọ́ sísè, àkàrà àná tí a tún gbóná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà, mọ́ínmọ́ín inú ewé, gúgúrú tí a yan nílé, àti omi nínú ike ti tó. Zóbò tí a fi atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀yìnbó sè, tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀, lè rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò nígbà àlejò.

Ẹ má kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù jù nù lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kó tán, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá ti súpámákẹ́ẹ̀tì dé, ẹ tẹ́ ìwé owó sórí tábìlì, ẹ mú bírò, kí ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ẹ kò lè fi ọwọ́ ara yín pò nílé. Ẹ kọ iye wọn sí igun ìwé náà, kí ẹ sì fi í pa mọ́ sínú dúróà. Ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ yọ ọ́ jáde, kí ẹ gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ náà, kí ẹ yan ohun kan ṣoṣo nínú èyí tí ẹ fàlà sí tí ẹ kò ní rà mọ́. Ti wa ní oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ mọ́kàndínlógún, kọ́sítáàdì sì ni a kọ́kọ́ yọ.